Ẹni Tí Oníbodè Ń Ṣí Fìlà Fún

Ọwọ́ ọ̀tún fa okùn. Ọ̀pá ìdènà gbéra díẹ̀díẹ̀, funfun, pupa, funfun, títí orí rẹ̀ fi kọjú sókè. Ọwọ́ òsì kò dúró de ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti wà lórí fìlà. Ìka méjì mú etí fìlà níwájú, wọ́n gbé e kúrò lórí bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò tó gbóná, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí àyà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Kò mì. Áńbúláǹsì kọjá. Eruku rẹ̀ dé. Fìlà ṣì wà láyà. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ náà kọjá òpó iná kẹta ní ọ̀nà ìlú kí ọwọ́ òsì tó dá fìlà padà sórí, kí ọwọ́ ọ̀tún tó dẹ okùn.

Morẹ́nikẹ́ ń wò ó láti ẹ̀bá ọgbà wáyà, abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà kẹfà nìyí tó máa rí i. Níwájú áńbúláǹsì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, obìnrin kan jókòó. Aṣọ funfun. Fìlà funfun kékeré lórí irun tí wọ́n dì dáadáa. Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá, obìnrin náà gbé ìka méjì sókè sí oníbodè.

Ìka méjì péré. Ó tó.

Babáṣọlá ni orúkọ oníbodè náà. Ọkọ Morẹ́nikẹ́ ni.

*

Ọdún owó Údójì ni. Ìjọba ti fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó epo ń ṣàn wọ̀lú, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ilẹ̀ ní Onitsha ń kọ́lé sórí ibi tí ogun wó. Lọ́rì sìmẹ́ńtì ń gba orí afárá Odò Ọya kọjá láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Fegge, àdúgbò tí wọ́n ń gbé, kún. Yàrá kan, ènìyàn mẹ́fà, méje.

Nínú yàrá tiwọn, ènìyàn méjì.

Ọmọ Ìwó ni Morẹ́nikẹ́, aránṣọ ni. Ọdún méjì lẹ́yìn ogun ló bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta aṣọ wá sí Onitsha. Ẹ̀gbọ́n padà sílé. Òun dúró, nítorí Babáṣọlá: ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ti wà ní agbègbè yìí kí ogun tó dé, tó gbọ́ Ìgbò bí ọmọ onílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Oyún ló bá a lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún Morẹ́nikẹ́ kò ju ìyẹn lọ, òun náà kò sì béèrè. Nílé tiwọn ní Ìwó, wọn kì í bá ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ obìnrin tó kú pẹ̀lú oyún. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ náà lè ràn án. Ọkọ kì í sọ ọ́, ìyàwó kì í bi í, ilé á sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Tiwọn ti lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ọdún mẹ́ta, kò sì tíì lóyún.

Ẹ̀rù ohun kan ṣoṣo ló ń bà á. Pé lọ́jọ́ kan, Babáṣọlá á mú obìnrin mìíràn wọlé. Kò ní jà. Kò ní pariwo. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Morẹ́, wá kí àbúrò rẹ." Morẹ́nikẹ́ máa ń gbọ́ ohùn yẹn létí nígbà tó bá ń rán aṣọ, tí gbogbo nǹkan yòókù sì dákẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé oúnjẹ lọ sí ibodè tó wà lẹ́sẹ̀ afárá ní ọ̀sán. Àwọn oníbodè yòókù ń ra búrẹ́dì jẹ. Ti Babáṣọlá ń gbóná dé.

Ó sì mọ àwọn tí ọkọ rẹ̀ máa ń ṣí fìlà fún. Ó ṣí i fún bàbá Morẹ́nikẹ́ ní Ìwó lọ́jọ́ tó wá tọrọ rẹ̀. Ó ṣí i fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó tán. Lándílọ́ọ̀dù, ó ń mi orí fún un. Ọ̀gá ibodè, ó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, kí ló máa mú un ṣí fìlà fún obìnrin tó kéré sí i, bí kì í bá ṣe pé ojú ilé àna ló ti fi ń wò ó?

Ilé àna.

Kì í ṣe pé ó ń rú òfin. Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ ara ilé ìgbowó, gbogbo ẹni tó mọ̀wé ló lè kà á: ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń lé olè, ọkọ̀ panápaná, ọkọ̀ tó gbé aláìsàn, wọn kò ní san owó ibodè, wọn kò sì ní dúró. Bí fèrè áńbúláǹsì bá ti dún láti orí afárá, oníbodè á dá àwọn ọkọ̀ tó ń ti ìlú bọ̀ dúró. Apá òsì á ṣófo. Áńbúláǹsì á yà síbẹ̀, á kọjá lára ìlà lọ́rì, á bọ́ sílùú. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó Babáṣọlá. Àwọn yòókù máa ń jókòó títí fèrè á fi dé etí wọn. Òun á ti dìde, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Bí ẹni ń retí àlejò.

*

Ìbídùn onídìrí ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kan ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Morẹ́nikẹ́. Ó dàgbà jù ú, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ìyàwó," ó wí, irun oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, "mo gba ibodè kọjá lánàá. Mo rí ọkọ rẹ. Mo ní, ta ló kú?"

"Ta ló kú báwo?"

"Ó ṣí fìlà. Mo rò pé òkú ni wọ́n gbé. Mo bá yọjú wo inú ọkọ̀. Obìnrin ni mo rí níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Eyín rẹ̀ sì funfun. Yorùbá ni o. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni, ará Ìjẹ̀bú." Ìbídùn fa irun náà, oníbàárà kérora. "Bàbá tiwa nílé, ọdún méjìlélógún, kò ṣí ilẹ̀kùn fún mi rí, ká má tíì wá sọ ti fìlà."

Morẹ́nikẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ sáré. Ó ti rán apá aṣọ mọ́ ọrùn kó tó mọ̀.

"Àǹtí Ìbídùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe."

"Ṣiṣẹ́ rẹ. Ohun tí mo rí ni mo sọ."

Ní ìrọ̀lẹ́, Babáṣọlá kò tíì bọ́ bàtà tán nígbà tó bi í.

"Ta lẹ ń ṣí fìlà fún ní ibodè?"

Ó gbé ojú sókè. "Aláìsàn."

"Aláìsàn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀? Tí kò rí yín?"

"Kò dìgbà tó bá rí mi."

"Nọ́ọ̀sì tó wà níwájú ló ń rí yín."

"Nọ́ọ̀sì wo?"

Ìyẹn ló dùn ún jù. Nọ́ọ̀sì wo. Bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Lójú Morẹ́nikẹ́, ọkùnrin tó jẹ̀bi nìkan ló lè béèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé."

"Morẹ́, ebi ń pa mí."

Ó bu oúnjẹ. Ó bù ú kún. Kò fẹ́ kí obìnrin kankan rí àyè sọ pé òun kì í bù ú kún.

*

Ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì náà wá. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, aṣọ funfun ọ̀pá mẹ́rin lábẹ́ apá. Olúwẹ̀mímọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọsibítù kékeré kan ní apá Asaba ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí àìsàn ẹnì kan bá ti ju agbára wọn lọ níbẹ̀, òun ló máa ń tẹ̀ lé e wá sí ọsibítù ńlá ní Onitsha.

"Wọ́n ní ní gbogbo Fegge, ẹ̀yin lẹ mọ aṣọ iṣẹ́ rán jù."

Morẹ́nikẹ́ mú téèpù. Èjìká. Àyà. Ìbàdí. Òórùn ọṣẹ ọsibítù lára rẹ̀. Téèpù yí ìbàdí ká, ó sì kù rẹpẹtẹ lọ́wọ́ aránṣọ. Ó ti ń gbàdúrà pé kí obìnrin náà má rẹwà ní tòsí. Àdúrà kò gbà.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Bàbá Ibodè?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àwọn onídìrí ìta yìí ni." Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sókè kí téèpù lè kọjá. "Ọkọ yín ṣeun. Ká ní gbogbo oníbodè rí bíi tiwọn, ẹ̀rù afárá yẹn kì bá tí máa bà wá."

"Ẹ máa ń bá ara yín sọ̀rọ̀?"

"Níbo? Ọkọ̀ kì í dúró." Ó rẹ́rìn-ín. Eyín funfun lóòótọ́. "Ìgbà tí a bá ń padà lọ láìgbé ẹnikẹ́ni nìkan la máa ń dúró sanwó bí gbogbo ayé. Mo máa ń ra iṣu àti aṣọ díẹ̀ lọ́jà sẹ́yìn ọkọ̀. Ọjọ́ kan ni iṣu já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, ọkọ yín ni wọ́n bá mi gbé e wọlé."

Wọ́n bá mi gbé e wọlé. Morẹ́nikẹ́ kọ àwọn nọ́ńbà sínú ìwé rẹ̀. Ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Nígbà tó gé aṣọ náà, ó fi ìka mẹ́rin kún ìbàdí. Ó fi ìka mẹ́fà kún àyà. Ó gbé ọrùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ní ọdún mẹ́tàlá tó ti ń ránṣọ, kò mọ̀ọ́mọ̀ ba aṣọ jẹ́ rí. Nígbà tó parí rẹ̀, àpò ìrẹsì ló rán, àpò ìrẹsì tó ní bọ́tìnnì.

Nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Ó yí po níwájú dígí.

"Ó fẹ̀ díẹ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ á máa ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Ní ọjọ́ Ajé, Morẹ́nikẹ́ dúró sẹ́bàá wáyà. Fèrè dún. Áńbúláǹsì yọ. Àpò ìrẹsì jókòó níwájú, ó gbé ìka méjì sókè. Ọwọ́ òsì Babáṣọlá lọ sórí fìlà. Ó ṣí i. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Títí dé òpó iná kẹta.

Kì í ṣe ẹwà, nígbà náà. Nǹkan tó ju ẹwà lọ ni. Ìyẹn ló burú jù.

*

Ifekandu ni ọ̀gá ibodè, ọmọ Onitsha gan-an. Morẹ́nikẹ́ máa ń ránṣọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó lọ bá ọ̀gá náà ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó kí i ní Ìgbò, ó fi Pijin sọ ìyókù. Ó ní òun gbọ́ lọ́jà pé àwọn áńbúláǹsì kan ń bá oníṣòwò kó ẹrù. Aṣọ. Iṣu. Pé wọ́n ń tẹ́ ẹ sábẹ́ aláìsàn kí wọ́n má baà sanwó.

"Mi ò sọ pé mo rí i o, Ọ̀gá. Mo gbọ́ ni. Nítorí ọkọ mi ni mo ṣe wá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́la pé ó mọ̀ sí i."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, ó ti ń tún un sọ lẹ́nu láti Fegge.

"Madam, you sure?"

"Ọ̀gá, ẹ ṣáà máa wò wọ́n."

Ní ọdún yẹn, kò ṣòro láti gbà á gbọ́. Wọ́n ti ká ẹja panla mọ́ inú pósí rí, ní ibodè kan náà, pẹ̀lú àwọn tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìwé tuntun wà lára ògiri. Áńbúláǹsì á máa tò sórí ìlà bí ọkọ̀ yòókù. Oníbodè á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á wo inú rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé, nọ́ọ̀sì á fọwọ́ sí i. Bí aláìsàn bá wà nínú rẹ̀, kò ní sanwó. Ṣùgbọ́n á dúró.

"Wọ́n ní kí n máa ṣí ilẹ̀kùn lórí aláìsàn," Babáṣọlá wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ bẹ Ifekandu, òun tí kì í bẹ ènìyàn. Ifekandu ní àṣẹ ni.

Morẹ́nikẹ́ wo oúnjẹ tí kò jẹ. Ó rò ó pé, wò ó bí ó ṣe ń dùn ún. Nítorí obìnrin yẹn.

Ó sì lọ wò wọ́n. Bírò lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀. Ìwé lọ́wọ́ òsì. Kò sí ọwọ́ tó ṣẹ́ kù fún fìlà. Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ìbínú, kò gbé ìka kankan sókè. Inú Morẹ́nikẹ́ rọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi sùn bí ọmọ ọwọ́.

*

Ọjọ́ kejìlá jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọyẹ́ ti dé, eruku bo odò, òdìkejì kò hàn dáadáa. Morẹ́nikẹ́ dé ibodè pẹ̀lú ẹ̀wà àti dòdò. Fèrè ń dún lórí afárá. Ó ń dún ṣáá, kò sún mọ́ tòsí. Ibi kan náà ni.

Ìlà lọ́rì sìmẹ́ńtì kò mira. Ní apá òsì, ọkọ̀ tó ń ti ìlú bọ̀ kún bámú, nítorí kò sí ẹni tó ń dá wọn dúró mọ́.

Babáṣọlá wà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó fi ọ̀pá ìdènà sílẹ̀, ó sáré gun orí afárá, ìwé lọ́wọ́.

Morẹ́nikẹ́ tẹ̀ lé e. Kò sí ohun rere kan nínú ìdí tó fi tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí wọn kò bá rò pé òun wà níbẹ̀ ni.

Lọ́rì mẹ́sàn-án ló ṣáájú áńbúláǹsì náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Aboyún kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú, kò kígbe mọ́. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn, ó ti ká apá rẹ̀ dé èjìká. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ibi ìbàdí tí Morẹ́nikẹ́ fi ìka mẹ́rin kún.

"Ẹ wò ó," nọ́ọ̀sì wí fún Babáṣọlá. Kò pariwo. "Ṣé ẹ ti wò ó? Ó yá, ẹ kọ ọ́."

Babáṣọlá kò kọ ọ́. Ó ju ìwé náà. Ìwé ré irin afárá kọjá, ó ṣí bí ìyẹ́, ó sì bọ́ sódò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara lọ́rì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ àwọn dírẹ́bà ní Ìgbò, ní Pijin, ní Yorùbá tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́. Wọ́n ní níbo ni kí àwọn gbà? Òótọ́ ni. Kò síbi tí wọ́n lè gbà.

Nígbà náà ni Morẹ́nikẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀ lójú títì, ó sáré padà sí ibodè. Ó já okùn ọ̀pá apá ìlú gbà lọ́wọ́ oníbodè kejì, ó sì fà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀ síwájú táksì kan. Dírẹ́bà bú u. Ó dúró ti ọ̀pá náà. "Bíkò," ó ń bẹ̀ wọ́n ní Ìgbò, "bíkò, ẹ dúró." Apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ kan sí i. Ó pẹ́. Ó pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn lè gbé ìrẹsì kaná kó sì jinná. Lẹ́yìn náà ni áńbúláǹsì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà.

Ó padà gun afárá. Babáṣọlá ti jókòó sórí etí títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eruku. Ó jókòó tì í.

"Ibí ni," Babáṣọlá wí.

"Ibí ni kí ni?"

"Ibí ni Abọ́sẹ̀dé kú sí."

Abọ́sẹ̀dé ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Morẹ́nikẹ́ máa gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọdún tí ogun parí. Asaba là ń gbé. Ọmọ kọ̀ láti jáde. Mo gbé e sínú táksì. Táksì kì í ṣe áńbúláǹsì, wọ́n ní kí a tò. A tò." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa fa ọ̀pá, mo lọ. Gbogbo èyí tó bá kọjá, tí kò dúró, mo máa ń kí i. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì kankan. Mo sọ fún ọ."

Lóòótọ́, ó sọ. Aláìsàn, ó ní.

Odò ń lọ lábẹ́ wọn. Ó yẹ kí àánú nìkan wà nínú Morẹ́nikẹ́. Àánú wà. Ṣùgbọ́n ó ń ka iye ìgbà tí áńbúláǹsì ń kọjá lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún nígbà mìíràn, fún ọdún mẹ́ta, kò sì lè dá kíkà náà dúró. Obìnrin tó bá wà láàyè, èèyàn lè rí i. Èèyàn lè wọ̀n ọ́n. Èèyàn lè ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Kí ni a máa fi bá èyí jà? Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ti ń gbẹ lórí ọ̀dà, ó ń jowú òkú. Ó tì í lójú. Ojú tó ń tì í kò sì pa owú náà.

"Ta ló lè sọ fún Ifekandu," Babáṣọlá béèrè, kò wò ó, "pé wọ́n ń kó ẹrù?"

Orúkọ Ìbídùn wá sí i lẹ́nu. Ó rọrùn. Ẹnikẹ́ni á gbà á gbọ́.

"Èmi ni," ó wí.

"Ìwọ?"

"Mo rò pé ẹ fẹ́ fẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn ni."

Babáṣọlá yí ojú sí i nígbà náà. Ó wò ó pẹ́, bí ó ṣe máa ń wo nọ́ńbà ọkọ̀ tí eruku bò. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó padà sídìí ọ̀pá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní parí títí di aago mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló mú ìròyìn wá sí ibodè ní ọjọ́ kejì. Obìnrin náà yè. Ọmọ kò yè.

Ifekandu yọ ìwé àṣẹ náà kúrò lára ògiri láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n la ọ̀nà kan sí apá òsì fún áńbúláǹsì àti panápaná, wọn kò fi ọ̀pá ìdènà sí i. Babáṣọlá tọrọ kí wọ́n gbé òun lọ sí ọ́fíìsì apá Asaba, wọ́n sì gbé e lọ. Ó gba yàrá kan síbẹ̀. Ó ń wá sí Fegge ní ọjọ́ Sátidé, ó sì ń padà ní ọjọ́ Àìkú.